Ọ̀rọ̀ núkílíà Ìránì: kí la máa wò ká tó gba ìròyìn gbọ́?

Tíṣà_Máṣífà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọmọ SS2 fẹ́ ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ Ìránì àti bọ́ǹbù núkílíà. Ohun tí wọ́n kó wá látorí WhatsApp kò bára mu rárá. Ọ̀kan ní Ìránì ti ní bọ́ǹbù tipẹ́, èkejì ní irọ́ ni, ẹ̀kẹta ní atẹ́gùn olóró ti forí lé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, kí ni kí wọ́n máa wò? Nọ́ńbà wo ló ṣe kókó, ibo sì ni àwọn èèyàn ti sábà máa ń ṣì í? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó òṣèlú ṣáájú.

Àǹtí_Físíìsì
Tíṣà, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí wọ́n máa bi ìròyìn kọ̀ọ̀kan: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni? Kílò mélòó ni? Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i kẹ́yìn? Ìròyìn tí kò bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdá. Yuréníọ̀mù tí wọ́n ń wà jáde nínú ilẹ̀, oríṣi tí wọ́n ń pè ní U-238 ló kún inú ẹ̀. U-235, oríṣi kejì tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń wá, kò ju nǹkan bíi 0.7% lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ Natanz àti Fordow ní Ìránì fún ni pé kí wọ́n máa sẹ́ ẹ: wọ́n á sọ ọ́ di gáàsì, wọ́n á máa fẹ́ ẹ gba inú ẹ̀rọ centrifuge tó ń yí bírí-bírí, láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kí U-238 máa yọ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ mànàmáná ń lo 3 sí 5%. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìwádìí kò kọjá nǹkan bíi 20%. Ti bọ́ǹbù máa ń tó 90%. Ìránì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 60% ní oṣù Kẹrin ọdún 2021.

Ẹ fi ẹ̀wà kọ́ wọn, ó máa ń wọ̀ wọ́n lórí. Ẹ ka ẹyọ 1,000 sórí tábìlì: 993 funfun, 7 pupa. Pupa ni U-235. Kí pupa tó di 3.67%, ẹ ní láti ṣa funfun bíi 809 dànù. Kó tó di 20%, ẹ ti ṣa 965, ó ku 28. Kó tó di 60%, ẹ ti ṣa 988, ó ku 5. Láti ibẹ̀ dé 90%, funfun mẹ́rin péré lẹ máa tún ṣa. (Nínú ẹ̀rọ gidi, díẹ̀ nínú pupa máa ń bá funfun lọ, àmọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe pín nìyẹn.) Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà: wọ́n rò pé ẹni tó wà ní 60 ṣì ní ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà láti rìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn ín tán.

Nípa ti kílò: IAEA, àjọ àgbáyé tó ń bójútó ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, ní òṣùwọ̀n kan. Nǹkan bíi kílò 42 yuréníọ̀mù tó ti dé 60%, tí wọ́n bá tún sẹ́ ẹ sókè sí i, wọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé kò lè di bọ́ǹbù kan. Ìṣirò IAEA fún 13 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni pé Ìránì ní kílò 440.9 irú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má wá sọ pé Ìránì ní bọ́ǹbù mẹ́wàá o! Gáàsì ló wà nínú àgbá. Kí ó tó di ohun ìjà, wọ́n ní láti sọ ọ́ di irin, kí wọ́n kọ́ ohun ìjà fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì rí ohun tó máa gbé e. Rafael Grossi tó jẹ́ ọ̀gá IAEA sọ ní oṣù Kẹfà 2025 yẹn pé àwọn ò rí ẹ̀rí pé Ìránì ń ṣètò láti kọ́ bọ́ǹbù. Ẹnu kan náà ló fi sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí kò ní bọ́ǹbù tó ń sẹ́ yuréníọ̀mù dé 60%. Apá méjèèjì nínú àríyànjiyàn ló máa fẹ́ lo Grossi, kí ẹnikẹ́ni má gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí méjì.

Ọmọ_Àkẹ̀sán
Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kí yín. Àǹtí ti là á mọ́lẹ̀. Ìbéèrè kẹta nínú mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ dúró lé, torí òun ni ìròyìn kì í sọ.

Bí IAEA ṣe ń ṣọ́ nǹkan nìyí. Àkọ́kọ́, ìwé ìṣirò: orílẹ̀-èdè náà á kọ iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó ṣẹ́kù, àwọn olùyẹ̀wò á sì wá wọ̀n ọ́n. Ìkejì, èdìdì. Èyí tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ jẹ́ irin pẹlẹbẹ alápá méjì, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ, wáyà á gba ara àgbá tàbí ilẹ̀kùn kọjá wọ inú ẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e kúrò ní Vienna, níbi tí olú ilé iṣẹ́ IAEA wà, wọ́n á ti ya fọ́tò inú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti họ ọ́ jáganjàgan tí kò sí méjì irú ẹ̀. Tí wọ́n bá gé e kúrò lára àgbá, wọ́n á dá a padà sí Vienna, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi fọ́tò wé e. Ẹni tó bá ṣí i tó tún fẹ́ pa á dé, ara irin náà á tú u fó. Ìkẹta, kámẹ́rà tí èdìdì wà lára òun náà.

Ìkẹrin ló dùn mọ́ mi jù: aṣọ ìnu. Òwú funfun, sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú àti lóròó. Olùyẹ̀wò á wọ ìbọ̀wọ́, á fi nu ara ògiri, ara páìpù, ojú ihò atẹ́gùn, á kó o sínú ọ̀rá, á tún kó ọ̀rá yẹn sínú ọ̀rá mìíràn kí eruku ibòmíràn má bàa wọ̀ ọ́. Ó di Seibersdorf, lẹ́bàá Vienna, àti àwọn yàrá ìwádìí mìíràn káàkiri ayé. Hóró eruku tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n á sọ ìdá tí wọ́n sẹ́ ẹ dé. Ẹ lè fọ ilé kí ẹ tún kùn ún lọ́dà, eruku yẹn ṣòro láti pa run.

Irú ìnu yẹn ló mú 83.7% jáde ní Fordow ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ìròyìn wá gbé e pé «Ìránì ti ní yuréníọ̀mù 84%». Ohun tí wọ́n rí ni hóró eruku, kì í ṣe àgbá tó kún. Ìránì ní ẹ̀rọ ló ṣèèṣì kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín hóró àti àgbá, ó ti gba máàkì lọ́wọ́ mi.

Ẹ wá wo bí ojú ṣe ń dínkù níbẹ̀. Oṣù Kejì 2021, Ìránì dáwọ́ dúró lórí Additional Protocol, àfikún àdéhùn tó ń jẹ́ kí olùyẹ̀wò lè dé ibi tí wọn ò kọ sínú ìwé, láìpẹ́ sí ìgbà tó bá ránṣẹ́. Oṣù Kẹfà 2022, wọ́n yọ kámẹ́rà. Oṣù Kẹfà 2025, Ísírẹ́lì kọlu Ìránì ní ọjọ́ kẹtàlá, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Fordow, Natanz àti Isfahan ní ọjọ́ kejìlélógún, ogun dá ní ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, òfin tuntun dé ní Tehran tó dá àjọṣe pẹ̀lú IAEA dúró. Ìdí nìyẹn tí 440.9 fi jẹ́ nọ́ńbà ọjọ́ kan pàtó. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìkọ ọjọ́ tì í, ẹ fagi lé e.

Baba_Rédíò
Ẹ ṣé o, Ọmọ Aláàfin. Tíṣà, bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó dé orí afẹ́fẹ́ nìyí, kí àwọn ọmọ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá gbólóhùn IAEA fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ rẹ̀, orílẹ̀-èdè 35, máa ń jókòó láwọn oṣù bíi Kẹta, Kẹfà, Kẹsàn-án àti Kọkànlá, ìròyìn lórí Ìránì sì máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Tí ìwé ìròyìn bá sọ pé «IAEA sọ», ẹ bi í pé nínú ìròyìn oṣù wo.

Tí wọ́n bá sọ pé «ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀», ẹ wò ó dáadáa: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí kí ni? Àkókò tí wọ́n sábà máa ń ka ni àkókò tí wọ́n á fi sẹ́ yuréníọ̀mù tó bọ́ǹbù kan dé 90%. Àkókò tí wọ́n á fi kọ́ bọ́ǹbù fúnra rẹ̀ yàtọ̀, ó sì gùn ju ìyẹn lọ. Àwọn olóṣèlú máa ń lọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

Fídíò iná àti ìbúgbàù, ẹ fi àwòrán inú ẹ̀ wá a lórí Google kí ẹ mọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde. Èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀, òmíràn ti inú géèmù ni.

Kí àwọn ọmọ sì mọ ìtàn Ìráàkì, torí ó kan àdúgbò wa. Amẹ́ríkà ní Saddam Hussein, ààrẹ Ìráàkì, fẹ́ ra yuréníọ̀mù lọ́wọ́ Niger, aládùúgbò wa lápá òkè, ìwé sì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ìwé náà dé ọ̀dọ̀ IAEA, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ tú: lẹ́tà kan tí ọdún 2000 wà lára ẹ̀, orúkọ àti ìbuwọ́lùwé mínísítà tó ti kúrò nípò láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló wà nísàlẹ̀. Mohamed ElBaradei, ọ̀gá IAEA nígbà náà, sọ fún Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 7 oṣù Kẹta ọdún 2003 pé ayédèrú ni. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ogun bẹ́ sílẹ̀ náà ni.

Lọ́yà_Òkè-Ẹlẹ́rin
Kí n fi ti òfin kún un. Àdéhùn NPT, èyí tó ń dènà kí bọ́ǹbù núkílíà má tàn kálẹ̀, ni ìpìlẹ̀. Wọ́n ṣí i fún ìbuwọ́lùwé ní 1 oṣù Keje 1968, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 5 oṣù Kẹta 1970. Nàìjíríà wà lára àwọn tó tètè wọ̀ ọ́, ní 1968. Márùn-ún péré ló fàyè gbà láti ní bọ́ǹbù, ìyẹn Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ṣáínà, torí wọ́n ti dán an wò kó tó di 1 oṣù Kìíní 1967.

Abala mẹ́ta ni kí wọ́n há sórí. Abala kẹrin fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti lo agbára átọ́míìkì fún ohun àlàáfíà; lórí ẹ̀ ni Ìránì dúró sí. Abala kẹfà ní kí àwọn tó ti ní bọ́ǹbù jókòó sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa kó o kúrò nílẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ gbèjà Ìránì á fẹ́ràn ẹ̀. Abala kẹwàá ní orílẹ̀-èdè lè jáde tó bá fún wọn ní ìwé oṣù mẹ́ta. Àríwá Kòríà kéde ìjáde ní oṣù Kìíní 2003, ó dán bọ́ǹbù àkọ́kọ́ wò ní 9 oṣù Kẹwàá 2006. Àpẹẹrẹ yẹn ló ń já àwọn tó kù láyà.

Àdéhùn 2015 láàárín Ìránì àti àwọn orílẹ̀-èdè ńlá, tí wọ́n ń pè ní JCPOA, yàtọ̀ sí NPT, kí wọ́n má pò wọ́n pọ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Keje 2015 ni wọ́n parí ẹ̀. Ìránì gbà pé òun ò ní kọjá 3.67% àti kílò 300 fún ọdún 15, wọ́n sì máa mú ìjẹníyà ọrọ̀ ajé kúrò. Trump yọ Amẹ́ríkà kúrò ní 8 oṣù Karùn-ún 2018. Láti oṣù Keje 2019 ni Ìránì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ààlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń jiyàn pé «Ìránì ló kọ́kọ́ da àdéhùn», tàbí «Amẹ́ríkà ni», ọjọ́ méjì yẹn ni kó gbé síwájú.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ni snapback, ìyẹn bí ìjẹníyà ṣe máa ń padà fúnra rẹ̀. Nínú ìpinnu 2231 ti Ìgbìmọ̀ Ààbò, wọ́n dá ọgbọ́n kan: tí ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàdéhùn bá fẹ̀sùn kan Ìránì, ọgbọ̀n ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín rẹ̀, àfi kí wọ́n dìbò pé kí ìdáríjì ÌJẸNÍYÀ MÁA BÁ A LỌ. Tí ìbò yẹn ò bá wọlé, ìjẹníyà àtijọ́ á padà fúnra rẹ̀. Agbára veto tí Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ní kò wúlò níbẹ̀, torí kò sí ohun tí wọ́n máa fi dá dúró. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì fi í lélẹ̀ ní 28 oṣù Kẹjọ 2025. Ìparí oṣù Kẹsàn-án, ìjẹníyà ti padà. Rọ́ṣíà àti Ṣáínà gbìyànjú láti sún un síwájú, kò ṣeé ṣe. Ìránì pẹ̀lú àwọn méjèèjì ní àwọn ò kà á sí.

Ọ̀dọ́_Sábó
Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ẹ má bínú o. Ísírẹ́lì ńkọ́? Wọ́n ní bọ́ǹbù, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ wọ́n wò. Ṣé ẹjọ́ ojúsàájú ni wọ́n ń dá ni?

Lọ́yà_Òkè-Ẹlẹ́rin
Àbúrò, ìbéèrè gidi ni, ẹni tó bá máa gbèjà Ìránì máa bi í, kí ẹgbẹ́ kejì ti múra. Ísírẹ́lì kò fọwọ́ sí NPT rí. Kò sọ pé òun ní bọ́ǹbù, kò sì sọ pé òun kò ní. India àti Pakistan náà kò fọwọ́ sí i. Lójú òfin, ẹni tí kò wọ ẹgbẹ́ kò rú òfin ẹgbẹ́. Ìránì wọ̀ ọ́ ní 1970, ó sì ṣì wà nínú ẹ̀. Bóyá ìyẹn dára lójú ẹ̀dá, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Èmi ò rò pé ó dára. Àmọ́ nínú àríyànjiyàn, ẹni tó bá kígbe «ojúsàájú» láìmọ̀ pé NPT ni ìyàtọ̀, wọ́n á fi ìbéèrè kan ṣoṣo gbé e ṣubú.

Àǹtí_Físíìsì
Tí wọ́n bá fẹ́ àpẹẹrẹ ilé, kí wọ́n má gbàgbé Zaria. Ẹ̀rọ ìwádìí kékeré tó wà ní ABU, NIRR-1, láti Ṣáínà ló ti wá, ọdún 2004 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Epo inú ẹ̀ tó nǹkan bíi 90%, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kílò kan péré ló wà níbẹ̀. Ní 2018, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tí ìdá rẹ̀ kò tó 20%, wọ́n sì kó ti tẹ́lẹ̀ padà sí Ṣáínà. Kò sí ìjà, kò sí ìjẹníyà, torí gbogbo gráàmù ẹ̀ ló wà nínú ìwé, abẹ́ ìṣọ́ IAEA ló sì wà. Fi Gúúsù Áfíríkà kún un: wọ́n kọ́ bọ́ǹbù mẹ́fà, wọ́n tú u palẹ̀ fúnra wọn, Ààrẹ de Klerk sì kéde ẹ̀ ní oṣù Kẹta 1993.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀wọ́dé
Ẹ dákun, atẹ́gùn olóró tí wọ́n ń sọ yẹn ńkọ́? Wọ́n ní ká mu omi iyọ̀, ká ra oògùn ayodíìnì.

Àǹtí_Físíìsì
Ìyá Ìbejì, ẹ má mu nǹkan kan o. Ẹ rántí omi iyọ̀ Ebola ní 2014, ó ran àwọn kan lọ sí ọsibítù. Láti ibẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́ ju kìlómítà 5,000 lọ, lẹ́yìn tí wọ́n sì ju bọ́ǹbù ní oṣù Kẹfà 2025, IAEA ní ìtànṣán kò lọ sókè lẹ́yìn ọgbà àwọn ibi náà. Ewu ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ yuréníọ̀mù wà fún ẹni tó wà nítòsí: gáàsì yẹn tó bá pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á bí ásíìdì tó ń jó ẹ̀dọ̀fóró àti awọ ara. Oògùn ayodíìnì kò ran ìyẹn. Táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà ní ọrùn, nìkan ló ń dáàbò bò, lọ́wọ́ ayodíìnì onítànṣán tó ń jáde nínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Natanz tàbí Fordow. Bushehr ní Ìránì ló yàtọ̀, torí ilé iṣẹ́ mànàmáná gidi ni. Òun ni Grossi ń kìlọ̀ nípa ẹ̀ jù, pé kí ẹnikẹ́ni má kọlù ú. Bó bá tilẹ̀ wáyé, NNRA, àjọ tó ń bójútó ọ̀rọ̀ núkílíà ní Nàìjíríà, ní Abuja, ni ẹ máa gbọ́ tirẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé fọ́ìsì nóòtì.

Awakọ̀_Tákìé
Èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ wa kíákíá ju atẹ́gùn lọ ni owó epo. Ojú omi Hormuz, lẹ́bàá Ìránì, ni ẹ máa wò. Ní 2024, nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 àgbá epo ló ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo epo tí ayé ń lò. Nígbà ogun oṣù Kẹfà 2025, Brent, epo rọ̀bì tí ayé fi ń díwọ̀n owó epo, kò tó dọ́là 70 àgbá kan kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ 79 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ tí ogun dá ó tún já wálẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, gígòkè ẹ̀ máa ń yá, wíwálẹ̀ ẹ̀ máa ń falẹ̀, torí alágbàtà á ní òun ti fi owó ńlá ra èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ wo Brent, ẹ wo iye dọ́là sí náírà pẹ̀lú. Ẹ má torí ẹ̀ kó kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò sí yàrá o, iná ò mọ olówó.

Tíṣà_Máṣífà
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọmọ kan ti kọ tiẹ̀ wá. Ó ní: «Àdéhùn ní kílò 300, Ìránì ní 440.9, nítorí náà 140.9 péré ló fi kọjá.» Ṣé ó tọ̀nà?

Ọmọ_Àkẹ̀sán
Rárá o, àwọn àgbàlagbà náà sì ń ṣe àṣìṣe yìí. Kílò 300 ti inú àdéhùn, ìwọ̀n gáàsì ni, pẹ̀lú fúlórínì tí wọ́n pò mọ́ yuréníọ̀mù kó tó di gáàsì. Tí a bá yọ fúlórínì, yuréníọ̀mù tó kù jẹ́ kílò 202.8. IAEA ń ka yuréníọ̀mù nìkan nínú ìròyìn rẹ̀. Ìkejì, àpapọ̀ gbogbo èyí tí wọ́n ti sẹ́ ni àdéhùn fi ààlà sí, kò sì gba ohunkóhun ju 3.67% lọ. Àpapọ̀ Ìránì ní 13 oṣù Kẹfà 2025 lé ní kílò 9,800. Kí ó fi 202.8 wé ìyẹn. Ní ti 440.9, àdéhùn kò fàyè gba gráàmù kan nínú ẹ̀, kí ó kọ ọ́ sórí ìlà ọ̀tọ̀, pẹ̀lú 60% àti ọjọ́ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.